ẸJA ONÍRÙNGBỌ̀N INÚ GÍLÁÀSÌ: ỌRỌ̀ ODÒ WA TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN Ń SÌN

Oríta Ndokoti ní ìlú Douala kì í sùn bọ̀rọ̀. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di òru ni àwọn ọkọ̀ ẹrù, àwọn ọkọ̀ èrò àti àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bendskin máa ń dí ara wọn lọ́nà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ó lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Bassa, ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ilé àwọn òṣìṣẹ́ pàdé ní ojú kan náà. Ẹni tí ó bá ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí ariwo àti èéfín ti yọ lẹ́nu láti àárọ̀, bóyá ni yóò ní ọgbà tí yóò lọ jókòó sí ní alẹ́ tàbí àgbàlá tí yóò fi sin adìẹ. Ṣùgbọ́n ó lè ní àpótí gíláàsì kan ní igun yàrá rẹ̀, tí omi tí ó mọ́ gaara, iyanrìn, ewé odò àti ẹja kéékèèké mẹ́fà tàbí mẹ́jọ wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ èyí. Wọn yóò ní, "Ẹja tí a kò ní sè, kí ni a fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè náà tọ́, òun ni a ó sì dáhùn lónìí. Nínú ẹja kékeré tí a ń wò nínú gíláàsì yìí ni a ti lè rí ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wa, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wa, àti ìtìjú díẹ̀ fún àwa àgbà tí a jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn mọ odò wa jù wá lọ.

ÌBÁTAN ÀRỌ̀ ÀTI Ọ̀BỌ̀KÚN

Ẹja tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àrọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀, àti ọ̀bọ̀kún tí àwọn apẹja ọ̀sà ń kó wá sí ọjà, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n. Ìdílé ńlá ni; ẹ̀yà wọn ju 3,000 lọ ní gbogbo àgbáyé. Àmì tí a fi ń mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni irùngbọ̀n tí ó yí ẹnu wọn ká, tí wọ́n fi ń tọ́ ilẹ̀ odò wò nínú òkùnkùn, àti ara wọn tí kò ní ìpẹ́. Àwọn kan nínú wọn gùn ju ènìyàn lọ, àwọn mìíràn kò sì gùn tó ìka ọwọ́. Àwọn kékeré wọ̀nyí ni a ń sìn nínú ilé fún ẹwà wọn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn Áfíríkà ti ń fi ojú ìyanu wò wọ́n. Ní Íjíbítì àtijọ́, ó ti ju 3,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ ọnà ya àwòrán ẹja kan sí ara ògiri ibojì, ẹja tí ó ń wẹ̀ tí ó sì kọ ikùn rẹ̀ sí òkè. Wọn a máa fi wúrà rọ àwòrán ẹja onírùngbọ̀n bẹ́ẹ̀, wọn a sì so ó mọ́ irun ọmọdé, kí omi má baà gbé ọmọ lọ. Ẹja tí ó ń fi ẹ̀yìn wẹ̀ yìí kò sì mọ sí Odò Náìlì nìkan. Ó wà nínú Odò Ọya pẹ̀lú.

Ìbátan rẹ̀ kan tí ó kéré jù ú lọ wà nínú odò Kóńgò. Ní ọdún 1936 ni àwọn onímọ̀ fún un ní orúkọ Synodontis nigriventris, èyí tí ìdajì rẹ̀ túmọ̀ sí "oníkùn dúdú". Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n Ẹlẹ́dàá nínú orúkọ yìí. Ọ̀pọ̀ ẹja ni ẹ̀yìn wọn dúdú tí ikùn wọn sì funfun, kí ẹyẹ tí ó ń wo omi láti òkè má baà rí wọn, kí ọ̀tá tí ó ń wòkè láti ìsàlẹ̀ má sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run. Ti ẹja yìí yí padà. Nítorí pé ikùn ni ó ń kọ sí òkè nígbà tí ó bá ń jẹ ohun tí ó léfòó lójú omi, ikùn ni ó dúdú. Kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Bí a bá sì mú un jáde nínú omi, a máa fi egúngún lẹbẹ rẹ̀ dún, bí ìlẹ̀kùn tí a kò fi epo sí.

TI ODÒ WA NI, Ọ̀DỌ̀ ẸLÒMÍRÀN NI Ó WÀ

Ìlú Douala jókòó sí ẹ̀bá odò Wouri, èyí tí odò Nkam àti odò Makombé para pọ̀ di ní apá òkè ìlú Yabassi. Nígbà tí àwọn Potogí dé ẹnu odò náà ní nǹkan bí ọdún 1472, edé tí wọ́n bá níbẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pè é ní Odò Edé ní èdè tiwọn. Láti inú ọ̀rọ̀ náà ni orúkọ Kamẹrúùnù ti jáde. Orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ orúkọ mọ́ edé kò yẹ kí ó fi ojú kékeré wo ẹja kékeré.

Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ ilé ìwé kan ní Douala tàbí ní Èkó pé kí ó dárúkọ ẹja ọ̀ṣọ́ kan tí ó ti odò ìlú rẹ̀ jáde, bóyá ni yóò lè dáhùn. Àwọn tí ó wà ní òkè òkun mọ̀ ọ́n. Ẹja kan wà, ìbátan ẹ̀pìyà, tí gbogbo àwọn tí ń sin ẹja nílé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń pè ní kribensis. Orúkọ ìlú Kribi, ní etí òkun Kamẹrúùnù, ni wọ́n fi ń pè é láti ọjọ́ yìí wá. Ní ti ẹja onírùngbọ̀n, ọ̀kan wà tí ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ kedere, tí ìlà dúdú sì lọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Agbo ni ó máa ń rìn. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Gras, onímọ̀ ẹja kan, ni ó kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1961, nígbà tí ó ń ṣe ìwádìí àwọn omi ìsàlẹ̀ Dahomey, èyí tí a ń pè ní Benin lónìí. Pareutropius buffei ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, odò Benin àti ti Nàìjíríà ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n inú gíláàsì àwọn ará òkèèrè ni a ti ń rí i jù.

Bí ọ̀rọ̀ ẹja ti rí ni ọ̀rọ̀ ewé. Ewé odò kan wà tí ó le bí awọ, tí kì í tètè rà, tí ń hù lára òkúta ìṣàn omi ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí a ti ń ta á kiri ayé, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn ewé tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àpótí ẹja àwọn Òyìnbó. Anubias barteri ni wọ́n ń pè é. Charles Barter tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é ni ó ń wádìí ewé àti igi fún àwọn tí ó wọ ọkọ̀ Dayspring lọ sí Odò Ọya ní ọdún 1857, ìrìn àjò kan náà tí Samuel Àjàyí Crowther bá wọn lọ, tí ọkọ̀ náà sì fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Barter kú sí Rábà ní ọdún 1859. Lónìí, àwọn oko ńláńlá ní Éṣíà ni ó ń gbin ewé yìí tí wọ́n sì ń tà á fún gbogbo ayé.

Kì í ṣe pé àwa kò ta nǹkan kan. Láti Nàìjíríà, láti Kamẹrúùnù àti láti Kóńgò ni a ti ń kó ẹja ọ̀ṣọ́ sínú ọ̀rá omi, tí ọkọ̀ òfuurufú sì ń gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹja inú ìgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí a fi ìgèrè àti àwọ̀n kó. Ẹni tí ó wọ inú omi, tí eésú mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ni èrè rẹ̀ kéré jù. Bí a bá sì kó ẹja ìṣàn omi kan tán, ẹni tí ó wà ní òkèèrè yóò ra ti ìbòmíràn; ìṣàn omi tiwa ni yóò ṣófo.

OHUN TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN ṢE

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ìtàn ẹja onírùngbọ̀n mìíràn, tí ó ti Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá, tí wọ́n ń pè ní Corydoras. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó fi awọ ṣe àṣíborí, nítorí pé egúngún pẹlẹbẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀wù ogun. Charles Darwin kó ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ nígbà tí ó wọ ọkọ̀ Beagle kiri ayé láàárín ọdún 1831 sí 1836, a sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1842. Ní nǹkan bí ọdún 1878, Carbonnier, ará Páríìsì, mú kí ẹja náà bímọ nínú gíláàsì. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ náà ti ń tàn kálẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn Corydoras tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà lónìí kò mọ bí odò ìran wọn ti rí. Inú gíláàsì àti agbada ni a bí wọn sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ará Ndokoti ni o, ará Ìbàdàn ni o, lọ́dọ̀ Corydoras ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tirẹ̀ ti là.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó fẹ̀ ní 30, tí ó sì ga ní 30, yóò gba nǹkan bí lítà 50. Àwọn tí ń gé gíláàsì fèrèsé ní àdúgbò lè gé e, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í tú lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kí a má gbàgbé pé omi wúwo: lítà 50 jẹ́ kílò 50, nítorí náà tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì kò lè gbé e. Iyanrìn tí ó kúnná ni kí a dà sí i, kí a sì fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Òkúta ẹlẹ́nu mímú a máa gé irùngbọ̀n ẹja, ẹja tí kò sì ní irùngbọ̀n dà bí afọ́jú tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkánjú ni ó ń pa ẹja ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn a da omi sínú gíláàsì lónìí, wọn a kó ogún ẹja sí i lọ́la, ní ọ̀sẹ̀ kejì wọn a ní ayé ń ṣe àwọn. Kì í ṣe ayé. Ìgbẹ́ ẹja a máa di oró nínú omi, èyí tí a ń pè ní amóníà. Àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ni ń sọ oró náà di ohun tí kò léwu mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ ṣe àpótí náà lọ́jọ̀, kí a máa ju oúnjẹ bíńtín sí i, kí a sì kó ẹja wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Fóòmù tí ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ ni ilé àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Bí ó bá dọ̀tí, omi inú àpótí náà ni kí a fi ṣàn án, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, nítorí pé oògùn tí a fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ yóò pa àwọn ọ̀rẹ́ wa wọ̀nyí pẹ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà, kí omi ẹ̀rọ tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ sì ti wà nínú bàsíà tí a kò bò fún ọjọ́ kan, kí a máa rò ó.

Ohun tí ará Yúróòpù ń fi owó iná ṣe, ojú ọjọ́ ti ṣe é fún wa. Douala móoru jálẹ̀ ọdún, a kò sì nílò ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná. Ẹ̀yà Corydoras tí ooru bẹ́ẹ̀ bá lára mu ni kí a wá. Corydoras aeneus, aláwọ̀ idẹ, dára. Èyí tí Darwin kó fẹ́ omi tí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá sì lọ, tí ẹ̀rọ atẹ́gùn dákẹ́, ẹja yìí ní ọgbọ́n tirẹ̀: a máa sáré lọ sí ojú omi, a gbé atẹ́gùn mì, ìfun rẹ̀ a sì lò ó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kò ní gba ẹni tí ó kó ẹja kún àpótí jù. Mẹ́fà tó, nítorí pé ẹlẹ́gbẹ́ ni wọ́n, ẹyọ kan ṣoṣo a máa ṣàárẹ̀ ọkàn. Ekòló tí a gé wẹ́wẹ́ àti tanwíjí ni oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ wo bí ó ti dára tó pé tanwíjí tí ì bá di ẹ̀fọn tí ń fún ọmọ wa ní ibà, ẹja ọmọ wa ni ó jẹ ẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹja onírùngbọ̀n ni a lè kó wọlé. Ọmọ àrọ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mì, tí àpótí yóò sì há mọ́ ọn. Òjìjí, ẹja tí ń gbọn ènìyàn bí iná, lè ní agbára tó fọ́ọ̀tì 350 lára. Kò yẹ ilé tí ọmọdé wà.

BÍ WỌ́N TI Ń BÍMỌ

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí odò kún wọ inú àbàtà, ni àrọ̀ máa ń jáde lọ yé. Ohun kan náà ni ó ń mú Corydoras yé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a fi ekòló bọ́ wọn dáadáa títí ikùn abo yóò fi yọ. Kí akọ jẹ́ méjì sí abo kan. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tí òjò ń bọ̀, kí a fa ìdá mẹ́ta omi wọn kúrò, kí a sì fi omi òjò tí ó tutù díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Òjò Douala ju mìlímítà 3,000 lọ lọ́dún, oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni ó sì pọ̀ jù, nítorí náà omi kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí òjò ti fọ páànù òrùlé kí a tó gbè é, pàápàá ní àdúgbò tí èéfín ilé iṣẹ́ wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a lè rí i pé àwọn akọ ń lé abo kiri. Abo yóò kan ẹ̀gbẹ́ akọ, yóò pa lẹbẹ ikùn rẹ̀ pọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, yóò gba ẹyin méjì tàbí mẹ́rin sí i, yóò sì lọ lẹ̀ wọ́n mọ́ ara gíláàsì. Báyìí ni yóò ṣe títí ẹyin yóò fi tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá parí, kí a yára, nítorí pé àwọn òbí náà yóò jẹ ẹyin wọn bí a bá fi wọ́n sílẹ̀. Kí a fi ìka yí ẹyin náà kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a kó wọn sínú àwo tí omi àpótí náà wà, kí a sì jẹ́ kí atẹ́gùn díẹ̀ máa hó níbẹ̀. Èyí tí ohun funfun bí òwú bá hù lára rẹ̀ ti bàjẹ́. Kí a yọ ọ́, kí ó má baà ran ìyókù.

Ewé gbígbẹ igi fúrúùtù dára nínú àwo yìí. Omi rẹ̀ a pọ́n díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹyin tètè bàjẹ́. Ewé tí à ń gbá dànù ní àgbàlá ilé ìwé wa yìí, àwọn ará Yúróòpù ń fi owó rà á fún ẹja wọn. Ní ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà, ẹyin yóò pa. Fún ọjọ́ méjì, ọmọ ẹja yóò máa jẹ ohun tí ó wà nínú àpò ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a máa fún un ní oúnjẹ tí ó kúnná bí lẹ́búlẹ́bú, nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, kí a sì máa pààrọ̀ omi díẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

TIWA ŃKỌ́?

Ẹni tí ó bá ti mọ èyí ti ṣetán láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó ga jù: nígbà wo ni a ó mú ẹja odò tiwa náà bímọ? Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ Synodontis kì í fẹ́ yé nínú ilé. Ọ̀kan tí àwọn ènìyàn ti rí mú nílé dáadáa ni ti adágún Tanganyika, nítorí pé ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ó máa ń ju ẹyin rẹ̀ sáàárín ẹyin ẹja mìíràn tí ń fi ẹnu pa ẹyin. Ìyá ẹlẹ́yin yóò gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, ọmọ àlejò yóò sì kọ́kọ́ pa, yóò jẹ ọmọ onílé tán. Ọdún 1986 ni a tẹ ìwádìí tí ó fi àṣírí yìí hàn jáde. Fún àwọn ìyókù, abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹyin gbó ni àwọn oko òkèèrè ń lò, àwọn mìíràn sì ń da ẹ̀yà méjì pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ra ẹja kò mọ ìran èyí tí ó rà.

Ta ni ó wá yẹ kí ó mọ ọ̀nà náà jù wá lọ? Nàìjíríà ni ó ṣíwájú ní Áfíríkà nípa sísin àrọ̀, abẹ́rẹ́ kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń fún ìyá àrọ̀ kí wọ́n tó fún ẹyin rẹ̀ jáde. Ilé ìwádìí ẹja omi odò wà ní New Bussa. Yunifásítì Douala ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹja ní Yabassi, lẹ́bàá odò Wouri gan-an. Ọwọ́ wà, ìmọ̀ wà, odò wà. Ojú tí yóò rí ẹja kékeré gẹ́gẹ́ bí ohun iyì ni ó kù. Ẹja tí ìran rẹ̀ dá ṣáká, tí a bí nínú agbada ní ilẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀, yóò níye lórí ju àdàlù lọ; ẹni tí ó sì ń tà á kò ní fa ẹja kan jáde nínú ìṣàn omi lẹ́yìn àkọ́mú.

Ẹ̀YIN OLÙKỌ́ WA

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àpótí gíláàsì kan ní iwájú kíláàsì yóò kọ́ ọmọ ní ohun tí pátákó dúdú kò lè kọ́ ọ: bí ẹyin ti ń di ẹja, bí ìdọ̀tí ti ń di oró, àti bí omi òjò ti ń pe ìyè jáde. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìkún-omi ńlá bo ọ̀pọ̀ àdúgbò Douala mọ́lẹ̀, ọ̀rá àti ike tí ó sì dí ojú ìṣàn omi wà nínú ohun tí ó dá kún un. Ọmọ tí ó ti fi ojú rẹ̀ rí i pé ìdọ̀tí kékeré pa ẹja mẹ́fà nínú lítà 50 kò ní ju ọ̀rá sínú gọ́tà láìronú mọ́.

Ẹ sì kọ́ wọn ní òfin kan tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ẹja tí ó ti òkèèrè wá kò gbọ́dọ̀ wọ odò wa. Ní adágún Infiernillo ní Mẹ́síkò, ẹja onírùngbọ̀n láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù bọ́ sínú omi, ó pọ̀ si, ó sì ba iṣẹ́ àwọn apẹja tí ń pa ẹ̀pìyà jẹ́. Bí ẹja bá sú ènìyàn, kí ó fún aládùúgbò rẹ̀.

A ti gba òmìnira ilẹ̀ wa láti ọdún 1960, Kamẹrúùnù ní oṣù Kìn-ín-ní, Nàìjíríà ní oṣù Kẹwàá. Òmìnira ìmọ̀ ni ó kù, kò sì ní dé nípa ariwo. Yóò dé nígbà tí ọmọ kan ní Ndokoti, ní Kútọnu tàbí ní Abẹ́òkúta bá jókòó ti gíláàsì, tí ó ka ọjọ́ tí ẹyin pa sínú ìwé rẹ̀, tí ó sì fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ mọ̀ pe ẹja náà. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí tiwa má ṣe gbẹ.